A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ìjọba Bá Onílé Sọ̀rọ̀ Kí Wọ́n Tó Fẹ Ọ̀nà?

Kò sí ará ìlú tí a máa bi léèrè bóyá ó fẹ́ ọ̀nà tó dára tí yóò sọ pé òun kò fẹ́. Awakọ̀ ń fẹ́ ọ̀nà, oníṣòwò ń fẹ́ ọ̀nà, àgbẹ̀ tí tòmátì rẹ̀ ń jẹrà lóko nítorí pé kò rí ọkọ̀ gbé e náà ń fẹ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bá gbé àwòrán jáde pé àwọn fẹ́ la ọ̀nà tí yóò yí ìlú po, tàbí pé àwọn fẹ́ fẹ èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ní ilé tàbí ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Níbo ni ọ̀nà náà yóò gbà? Báwo ni yóò ti fẹ̀ tó? Ta ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ kí wọ́n tó fa ìlà kọjá lórí ilẹ̀ mi?

Ìbéèrè kẹta yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ó ti di ohun tí à ń gbọ́ lemọ́lemọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún mélòó kan wá, yálà ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà àyíká tuntun, tàbí ní etí òkun Èkó níbi tí òpópónà tó ń lọ sí Calabar ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba a máa sọ pé àwọn ti pe ìpàdé, pé àwọn ti bá àwọn tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀. Àwọn onílé a sì máa sọ pé ọjọ́ tí àwọn rí ọ̀dà pupa lára ògiri ni àwọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tọ̀tún-tòsì wọn má parọ́. Ohun tó ń fa ìjà ni pé ìpàdé tí a pè lẹ́yìn tí a ti fa ìlà tán ti yàtọ̀ sí ìpàdé tí a pè kí a tó fà á. Àwọn àgbà ló sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí abẹ bá ti kọjá lórí tán kí a tó wá bi olórí bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n fá a, ìdáhùn wo ni a retí lẹ́nu rẹ̀?

Ìdí tí ọ̀nà àyíká fi di dandan

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn dáadáa yóò gbà pé ọkọ̀ àjàgbé tó gbé ẹrù láti èbúté Apápá, tó ń lọ sí òkè Ọya, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní ìgboro Ìbàdàn. Ó kàn ń kọjá lọ ni. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń bá takisí, ọ̀kadà àti ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé du ọ̀nà kan náà ní Ìwó Road àti ní Òjòó. Ìdí nìyí tí èrò ọ̀nà tí yóò yí ìlú náà po fi wáyé. Àsìkò Rashidi Ládọ̀jà, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní sáà 2003 sí 2007, ni wọ́n sábà máa ń ka ìpilẹ̀ èrò náà sí. Abíọ́lá Ajímọ̀bí, tó ṣe gómìnà láti 2011 sí 2019, gbé apá kìíní, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 32, fún agbaṣẹ́ṣe. Nígbà tí Ṣèyí Mákindé dé, ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe yẹn, ó sì gbé e fún òmíràn. Bí gbogbo ọ̀nà náà bá parí, yóò tó kìlómítà 110. Orúkọ Ládọ̀jà, tó gun orí ìtẹ́ Olúbàdàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún tó wà láàárín èrò àti iṣẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà náà wà lórí ìwé lásán, ìlú kò dúró dè é. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń ta ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ra púlọ́ọ̀tì, àwọn tó fẹ̀yìn tì ń fi owó àjẹmọ́nú wọn kọ́lé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ti lè di ẹni tó ń dìbò báyìí. Bí ìjọba kan bá fa ìlà, tí kò sàmì sórí ilẹ̀, tí kò fi tó àwọn tó wà níbẹ̀ létí, tí ìjọba mìíràn sì wá gbé ìlà náà jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹni tó ra ilẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn kò mọ̀ pé inú ọ̀nà ni òun ń kọ́lé sí.

Ohun tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọ́ wa

Kí a má bàa ṣe ojúsàájú, ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnu ìjọba náà. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 127, ni wọ́n ṣí ní 1978. Igbó àti oko ló pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Òfin sọ pé ilẹ̀ tó jẹ́ ti òpópónà ìjọba àpapọ̀ fẹ̀ ní mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n láàárín ogún sí ọgbọ̀n ọdún, ilé epo, ọjà, gáréèjì, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìgbé ti sún mọ́ etí ọ̀dà. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìbàfò tàbí ní Mowé rí kò nílò ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí ó wá tó àkókò láti tún ọ̀nà náà ṣe, ó di wàhálà. Wọ́n gbé e fún iléeṣẹ́ Bi-Courtney ní 2009, ìjọba àpapọ̀ gbà á padà ní 2012, wọ́n sì pín in fún Julius Berger àti RCC ní 2013. Láti Èkó dé Ṣàgámù ni wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ di ojú ọ̀nà mẹ́ta ní àlọ àti mẹ́ta ní àbọ̀. Iṣẹ́ yìí gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, àwọn tó sì ti tẹ́ àtẹ tàbí kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ ọ̀nà ní láti kó kúrò.

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé ilẹ̀ tí àwọn yóò gbà fún ọ̀nà àyíká Ìbàdàn yóò fẹ̀ dé mítà 500 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a kò lè sọ pé kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ìjọba tó bá gba ilẹ̀ púpọ̀ lónìí kò ní í wó ilé púpọ̀ lọ́la. Ó tún lè pín ilẹ̀ náà fún iléeṣẹ́ àti ọjà létòlétò, dípò kí oníkálukú máa kọ́ ọ bó ṣe wù ú.

Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú

Ṣùgbọ́n àwọn onílé jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọ̀rọ̀ wọn kò ta ko ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ náà yóò ti fẹ̀ tó ni wọ́n ń jà sí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ó lè yé wa ìdí tí inú fi bí wọn.

Mítà 500 ní ọ̀tún àti mítà 500 ní òsì jẹ́ kìlómítà kan gbáko. Bí a bá wo kìlómítà kan péré nínú gígùn ọ̀nà náà, ilẹ̀ tí yóò wọ inú rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 100. Bí a bá fi púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 díwọ̀n rẹ̀, yóò lé ní púlọ́ọ̀tì 2,100. Bí ó bá ṣe pé mítà 75 péré ni wọ́n gbà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣì fẹ̀ ju ilẹ̀ òpópónà ìjọba àpapọ̀ lọ, púlọ́ọ̀tì tí yóò kàn nínú kìlómítà kan kò ní í ju nǹkan bíi 320 lọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi púlọ́ọ̀tì 1,800 ní kìlómítà kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan náà ni, ọ̀dà kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni yóò gbà á. Nọ́ńbà kan lórí ìwé ló pinnu bóyá ìdílé kan yóò máa gbé ilé rẹ̀ lọ tàbí yóò wá ilé mìíràn.

Irú nọ́ńbà báyìí ni ìfọ̀rọ̀lọ̀ aráàlú wà fún. Kí a pe ìpàdé kí a wá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ fẹ́ ọ̀nà?" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kí a bi wọ́n ni pé: mítà mélòó ló tó? Ṣé ibi gbogbo ló yẹ kó fẹ̀ bákan náà, àbí a lè dín in kù níbi tí ilé ti pọ̀, kí a sì fẹ̀ ẹ́ níbi tí ó ṣì jẹ́ oko? Èwo nínú ilẹ̀ náà ni ti ọ̀nà, èwo sì ni ti iléeṣẹ́ àti ọjà tí ìjọba fẹ́ dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ nínú ẹjọ́ kan ní 1991 pé gómìnà kò gbọdọ̀ fi orúkọ àǹfààní gbogbo ìlú gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, kó wá gbé e fún aládàáni mìíràn fún àǹfààní tirẹ̀. Ìjọba tó bá ya ilẹ̀ ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ òwò láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ṣàlàyé ohun tí yóò fi ìkọ̀ọ̀kan ṣe, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́.

Ìtòtẹ̀léra àwọn oṣù ní etí òkun Èkó

Bí ti Ìbàdàn bá kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 2024 kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àsìkò. Òpópónà etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar yóò gùn tó kìlómítà 700 gẹ́gẹ́ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦1.06 tírílíọ̀nù fún apá kìíní tó jẹ́ kìlómítà 47.47, iléeṣẹ́ Hitech sì ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti Victoria Island. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, wọ́n ti ń wó àwọn ibi ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ tó wà ní etí òkun Landmark. Oṣù karùn-ún ni owó gbà-má-bínú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, inú oṣù kan náà ni mínísítà fún iṣẹ́ òde, David Umahi, bá àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣe ìpàdé ní Èkó, inú rẹ̀ náà sì ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́lẹ̀ ní gbangba. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2025, Ààrẹ ṣí kìlómítà 30 fún àwọn ọlọ́kọ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra: àdéhùn iṣẹ́ ló ṣáájú, kátapílà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wíwó, owó àti ìpàdé wá dé. Mínísítà dá àwọn ènìyàn lóhùn lóòótọ́, ó sì tún bá wọn jiyàn lójú gbogbo ayé, èyí tí ọ̀pọ̀ mínísítà kì í ṣe. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni iṣẹ́ ti wà lójú ọ̀nà kí ìpàdé oṣù karùn-ún yẹn tó wáyé. Ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ mítà 250 láti etí òkun jẹ́ ti àwọn, ó sì lè jẹ́ pé ìdí nìyẹn tí wọn kò fi rí i bí ohun tó ń fẹ́ ìjíròrò púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ Òkun-Ajah ló fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ figbe ta pé ìlà ọ̀nà náà ti yà kúrò níbi tí àwọn mọ̀ ọ́n sí, pé ó ti ń bọ̀ wá sáàárín ilé àwọn. Àlàyé tí mínísítà ṣe ni pé àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wọlé sí Èkó ló wà ní ojú ibi tí ọ̀nà ì bá gbà. Àlàyé yìí mú ọgbọ́n dání. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí tẹlifóònù àti báǹkì dákẹ́ nítorí ọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yí ìlà náà padà, àwọn tí kò sí lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà. Nínú wọn ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ wálé láti ra ilẹ̀ tí wọn yóò fẹ̀yìn tì sí. Wáyà náà kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ọ̀run. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé kí ló dé tí wọn kò fi gbé ìlà náà síwájú àwọn tó ni wáyà àti àwọn tó ni ilé pa pọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Ohun tí òfin ti sọ tẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjọba ń ṣojúure ni bí ó bá pe aráàlú sí ìpàdé. Òfin ni. Òfin tó wà lórí àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ń ní lórí àyíká, èyí tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1992 tó sì wà títí di òní, sọ pé ìjọba tàbí aládàáni kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ ro ipa rẹ̀ lórí àyíká ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ wà nínú àwọn iṣẹ́ tí òfin náà ní àyẹ̀wò di dandan fún. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà ṣe iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó sì ní kí wọ́n fún aráàlú, àwọn onímọ̀ àti ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àṣà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ni pé kí wọ́n gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, títí kan sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ náà wà, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kà á kó sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ilẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún un láṣẹ láti gba ilẹ̀ padà fún ohun tí gbogbo ìlú yóò jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fún ẹni tó ni ilẹ̀ ní ìwé: kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ níbi tó ń gbé, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí, bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó hàn gbangba lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀dà pupa lára ògiri kò sí nínú àwọn tí òfin kà sílẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta àwọn onílé lẹ́sẹ̀ jù ni owó. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí ṣe wí, ilé, irè oko àti iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe sórí ilẹ̀ ni ìjọba yóò sanwó lé. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ìsákọ́lẹ̀ tí ó san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan ni yóò gbà. Ẹni tó fi mílíọ̀nù mélòó kan ra púlọ́ọ̀tì tí kò tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀ níbẹ̀ lè má rí nǹkan kan tó jọ owó gbà. Ilé pàápàá, iye tí yóò ná ènìyàn láti kọ́ irú rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó yọ iye tí ọjọ́ orí ti jẹ nínú rẹ̀ kúrò. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó háyà ńkọ́? Òfin náà kò ya owó kankan sọ́tọ̀ fún oníbàárà tí yóò pàdánù. Bí ìjà bá sì dé lórí iye owó, ìgbìmọ̀ tí gómìnà fúnra rẹ̀ yàn ni òfin ní kí wọ́n gbé e lọ, ó sì ní ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ wádìí bóyá owó náà tó tàbí kò tó. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ẹsẹ̀ 44, wá sọ pé owó gbà-má-bínú gbọ́dọ̀ tètè jáde, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sì lè lọ sílé-ẹjọ́. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń bá ara wọn jà lórí bí òfin méjèèjì yìí ṣe bára mu.

Níbi tí òfin bá ti há mọ́ onílé báyìí lórí ọ̀rọ̀ owó, àsìkò tó ní agbára jù ni kí ìlà tó dúró. Bí ìlà bá ti dúró tán, owó díẹ̀ ló kù fún un. Nítorí náà, ìpàdé tó pẹ́ jù ti gba ohun kan ṣoṣo tí onílé fi lè gba ara rẹ̀ là kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù

Ẹlòmíràn lè sọ pé bí a bá fi gbogbo nǹkan lọ aráàlú, a kò ní í rí ọ̀nà kankan là. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà ní ìlú òyìnbó. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní A27, tó gba ẹ̀bá ìlú Chichester kọjá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ ti pọ̀ jù, ìjọba sì fẹ́ tún un ṣe. Ní 2016, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó òpópónà gbé ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n lè gbà ṣe é síwájú aráàlú, kí wọ́n sọ èyí tó wù wọ́n. Ìlú pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, inú sì bí ọ̀pọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ̀nà tí ì bá gba ìhà àríwá ìlú kúrò kí ìfọ̀rọ̀lọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn, mínísítà fagi lé gbogbo rẹ̀ ní 2017. Ní Arundel tó wà lójú ọ̀nà kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá aráàlú sọ̀rọ̀, ní 2017, 2019 àti 2022, kí ìjọba tuntun tó fagi lé iṣẹ́ náà ní 2024 nítorí àìsí owó.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ní ojú méjì. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ tí kò lópin lè pa ọ̀nà. Èkejì ni pé ní Chichester pàápàá, ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jọ tiwa: àwọn ènìyàn gbà pé wọ́n ti ṣe ìpinnu kan sẹ́yìn wọn kí wọ́n tó pè wọ́n. Ohun tí a ń béèrè fún kì í ṣe kí gbogbo ènìyàn gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Kí ìjọba dá ọjọ́ tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ó tẹ́tí sílẹ̀, kí ó sì ṣe ìpinnu pẹ̀lú àlàyé. Ọjọ́ 21 tí òfin àti àṣà wa ti ní kò lè dá ọ̀nà tí yóò gba ọdún mẹ́wàá dúró.

Ohun tó kù láti ṣe

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀ bá fẹ́ kí ọ̀nà tó ń bọ̀ wá má di ìjà, nǹkan mélòó kan wà tí kò ná wọn lówó púpọ̀. Kí wọ́n gbé ó kéré tán ìlà méjì tàbí mẹ́ta jáde, kí wọ́n sọ iye ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò kàn. Kí wọ́n ṣe ìpàdé náà ní èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ, ní ọjọ́ tí ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ lè wá, kì í ṣe ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ iṣẹ́. Kí wọ́n kọ èsì síta: ohun tí ẹ sọ nìyí, èyí tí a gbà nìyí, èyí tí a kò gbà àti ìdí rẹ̀ nìyí. Kí wọ́n gbin òpó sàmì sórí ilẹ̀ ní kété tí ìlà bá ti dúró, kí ọmọ onílẹ̀ má bàa tún ta á fún ẹni tí kò mọ̀. Kí owó sì ṣáájú kátapílà.

Ẹ̀yin onílé àti onílẹ̀ náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Kí ẹ tó ra ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí sọ́fíọ̀ tó ní ìwé àṣẹ gbé nọ́ńbà ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì sọ́fíọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìwé tí baálẹ̀ tàbí mọ́gàjí fọwọ́ sí nìkan kò tó. Ẹni tó ti kọ́lé, kí ó tọ́jú ìwé ìdíyelé, àwòrán ilé àti rìsíìtì rẹ̀. Kí àgbẹ̀ ka igi kòkó àti ọ̀pẹ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì gbọ́ pé wọ́n gbé ìwé àyẹ̀wò síta ní sẹkitéríàtì, ẹ lọ kà á. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ mú ọmọ yín tó kàwé dání. Ẹ kọ èrò yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan fún yín. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ kan máa ń sọ̀rọ̀ ní ilé-ẹjọ́ ju ìwọ́de ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ẹgbẹ́ onílé kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ayálégbé àti àwọn tó ń tajà lójú ọ̀nà, nítorí wọn kò ní ìwé ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí wọn yóò pàdánù.

Ọ̀nà àyíká Ìbàdàn ṣì ní ọ̀pọ̀ kìlómítà níwájú kó tó pé 110. Òpópónà etí òkun ṣì máa kọjá ní Ògùn àti Oǹdó kó tó dé ibi tó ń lọ. Ní gbogbo ibi tí kátapílà kò tíì dé, àyè ṣì wà láti bi olórí bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n fá a.